Ojúde Olókun

Ọ̀rọ̀ orí rédíò láti ẹnu olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbẹ̀fun, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú



Mo mọ̀ dájú pé bí mo bá ti sọ pé ọ̀rọ̀ etí òkun ni mo gbé wá síwájú yín lálẹ́ òní, ẹnì kan yóò ti máa rẹ́rìn-ín nínú ilé rẹ̀, yóò ní, “Ẹ wo bàbá yìí! Kí ló kan ará Ìbẹ̀fun nínú òkun? Ṣé omi òkun la fi ń rẹ pákí ni?” Lóòótọ́, níbi tí mo jókòó sí yìí, a kì í gbọ́ híhó òkun, ariwo ẹ̀rọ tí ń lọ pákí ni à ń gbọ́, àti ti alùpùpù tí ń ti Ìjẹ̀bú-Òde bọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ṣe. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò parí sínú igbó. Ó gba Ìbíadé àti Àbígi kọjá, ó gun orí ọ̀sà, títí ó fi kan bèbè Òkun Àtìláńtíìkì ní apá ibi tí a ń pè ní Ìjẹ̀bú Etí Omi, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà márosẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ń là láti Èkó lọ sí Kàlàbá, tí gígùn rẹ̀ tó 700 kìlómítà, yóò gba ìpínlẹ̀ Ògùn kọjá. Ohun tí ọ̀nà bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, olówó kì í pẹ́ dé ibẹ̀.

Nílé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn òjúgbà, bá ti to ara wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú aṣọ òfì àti àrán, tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń gun ẹṣin wọn bọ̀ pẹ̀lú ìbọn àti ìlù, tí ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti já wálé nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo yìí, ta ni nínú yín tí ó ti bi ara rẹ̀ léèrè rí pé ilẹ̀ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wọ̀nyí dúró lé lórí, ti ta ni? Àárín Ìjẹ̀bú-Òde ni ilẹ̀ náà wà, níbi tí owó ilẹ̀ gbóná bí iná alágbẹ̀dẹ. Bí wọ́n bá pín in sí pulọ́ọ̀tì lónìí, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po ni wọn yóò ti tà á tán. Síbẹ̀, kò sí ọmọ onílẹ̀, bó ti wù kí ojú rẹ̀ le tó, tí ó jẹ́ kọ “ilẹ̀ yìí wà fún títà” sí ibẹ̀. Orúkọ ibẹ̀ ni ó ń ṣọ́ ọ: ojúde ọba ni. Nítorí pé ọba ni ó ni ín, gbogbo ìlú ni ó ni ín, nítorí ẹni tí a kò bá lè lé kúrò níwájú ọba, a kò lè lé e kúrò lórí ilẹ̀ náà.

Nígbàkígbà tí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ etí òkun, ohun tí ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nìyẹn. Ojúde Olókun ni etí òkun jẹ́. Inú ibú ni ààfin rẹ̀ wà, ìgbì ni ìlẹ̀kùn rẹ̀ tí í ṣí tí í tì láìsinmi, iyanrìn sì ni gbàgede tí àlejò ń dúró sí kí i. (Kí pásítọ̀ mi má ṣe bínú, àpèjúwe ni mo ń ṣe, n kò gbé ẹbọ lọ síbẹ̀.)

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo jẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ojú rí òkun. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni, bùrọ̀dá mi tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó kó wa wọ bọ́ọ̀sì láti Ìdúmọ̀tà lọ sí Bar Beach ní Victoria Island. Bí a ti dé etí iyanrìn, ó ní kí a bọ́ bàtà, ó so okùn bàtà gbogbo wa pọ̀, ó gbé e kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀, ó sì ń rìn lọ níwájú wa tí bàtà mẹ́fà ń lù ú láyà. Iyanrìn jó wa lẹ́sẹ̀ títí a fi ń fò. Àwọn alágbọn wà níbẹ̀, àwọn tí ń fi ẹṣin gbé ọmọdé kiri wà níbẹ̀, àwọn onísùtánà funfun kúnlẹ̀ yí àbẹ́là ká, wọ́n sì ń gbàdúrà bí ẹni pé àwọn nìkan ló wà láyé. Ìdílé kan láti òkè Ọya jókòó sórí ẹní ní apá ọ̀tún wa, òyìnbó méjì ń sùn nínú oòrùn ní apá òsì. Bùrọ̀dá mi fi gìgísẹ̀ gbẹ́ ihò kékeré kan níbi tí ìgbì kò dé, ó ní kí n máa wò ó. Láìpẹ́, omi rú jáde láti ìsàlẹ̀, ó kún ihò náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń wó díẹ̀díẹ̀ títí ihò náà fi parẹ́. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn rẹ́rìn-ín. Owó ọkọ̀ nìkan ni ọjọ́ náà ná wa. Kò sí ẹni tí ó béèrè tọ́rọ́ lọ́wọ́ wa kí a tó tẹ iyanrìn.

Ẹni tí ó bá wá ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ náà lónìí kò ní rí i. Ọ̀rọ̀ náà sì gùn díẹ̀, nítorí kì í ṣe òkúta ilé ni ó kọ́kọ́ jẹ etí òkun Èkó, òkúta èbúté ni.

Ní ìgbà tí àwọn òyìnbó amúnisìn fẹ́ kí ọkọ̀ ńláńlá máa wọ èbúté Èkó, iyanrìn ni ìṣòro wọn. Ní etíkun wa yìí, ìgbì ń gbá iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn láìdábọ̀, ọdún dé, ọdún bọ̀. Iyanrìn yìí dà bí alájàpá: ẹ kò rí i pé ó ń rìn, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ bá a lánàá kọ́ ni ẹ ó bá a lọ́la. Ẹnu ọ̀sà ni alájàpá yìí máa ń dúró sí, tí yóò sì dí ọkọ̀ lọ́nà. Nítorí náà, láti 1908, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sínú òkun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀sà, òkúta tí wọ́n fọ́ ní Àrò, ní Abẹ́òkúta, tí reluwé sì gbé wá. Ọkọ̀ rí ọ̀nà wọlé, èrè sì pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ti ọ̀nà mọ́ alájàpá. Iyanrìn jọ gègèrè sí apá ìwọ̀ oòrùn, apá ìlà oòrùn, èyí tí í ṣe Bar Beach gan-an, sì wà nínú ebi. Òkun kò rí iyanrìn tuntun gbé wá mọ́, ó wá ń kó èyí tó wà níbẹ̀ lọ. Kí ìjọba amúnisìn tó kẹ́rù rẹ̀ lọ, òkun ti jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wọ inú ju kìlómítà kan lọ. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń tú iyanrìn sí i, tí òkun ń kó o, tí wọ́n tún ń tú u. Ẹni tí ó bá ti tú omi sínú ajere rí yóò mọ irú iṣẹ́ tí mo ń sọ.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba ohun kan, kí n sì tètè kúrò lórí rẹ̀: lẹ́yìn ogun abẹ́lé, láti 1971, ìjọba ológun sọ etí òkun kan náà di ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn pa adigunjalè lójú àwùjọ. Ọ̀pọ̀ lọ wò ó. Èmi kò lọ.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wá kan ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun yìí, tí omi ń ya wọ òpópónà Ahmadu Bello, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti ilé iṣẹ́ aládàáni kan pinnu láti gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ òkun. Wọ́n fa iyanrìn láti ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n fi òkúta àti kọnkéré ṣe ògiri tí wọ́n ṣètò kí gígùn rẹ̀ tó 8.5 kìlómítà, ìlú tuntun sì yọ lójú omi, Eko Atlantic, tí wọ́n ṣètò kí fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà mẹ́wàá onígun mẹ́rin. Ní 21 Oṣù Kejì 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan àti Bill Clinton, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, wà níbẹ̀ láti ṣí i. N kò ní purọ́ mọ́ iṣẹ́ náà: ògiri yẹn ń dá omi dúró fún Victoria Island, ẹni tí ilé rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ ń sùn fọnfọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a fi rọ́pò ohun tí a ní. Ibi tí alágbọn, onísùtánà àti ará òkè Ọya ti jókòó pa pọ̀ láìsan kọ́bọ̀ ti di ìlú tí pulọ́ọ̀tì kan níbẹ̀, owó rẹ̀ ju ohun tí gbogbo olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ mi yóò gbà títí wọn yóò fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ará Òkun Alfa, ní ìlà oòrùn ìlú tuntun yìí, sì ti ń ké fún ọdún pípẹ́ pé òkun ń gbé ilé àwọn. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ìgbì ya wọ etí òkun Kúrámò ní òru, ó sì gbé àwọn ènìyàn lọ láti inú ahéré pákó tí wọ́n ń sùn sí.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo mú ọmọ ọmọ mi lọ wo òkun. Ibi tí a lọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Gééètì ni a kọ́kọ́ rí, kì í ṣe òkun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba owó lọ́wọ́ mi, ó so okùn pélébé aláwọ̀ ewé mọ́ mi lọ́wọ́, ó so òmíràn mọ́ ọmọ náà, bí a ti ń so nọ́ńbà mọ́ ẹran Iléyá. Ó wá na ìka sí kúlà tí mo gbé dání. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í gbé oúnjẹ wọlé. Inú níbí lẹ ó ti rà.” Ọmọlúàbí ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì ní òun yóò bá mi ṣọ́ ọ. Ìrẹsì tí ìyàwó mi sè wà lẹ́yìn gééètì títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ náà wo okùn ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Grandpa, tí a bá yọ ọ́, ṣé wọn ó lé wa jáde nínú omi?” Mo ní n kò mọ̀.

Ẹ wò ó, èmi kò bá olówó jà. Bí ènìyàn bá kọ́ ilé ìgbafẹ́ sórí ilẹ̀ rẹ̀, kí ó gba owó rẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, iyanrìn tí ìgbì ń fọ̀, nígbà wo ni ó di ilẹ̀ ẹnì kan? Ìdáhùn dé ní 2024, ó sì gba ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rò wá. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà Èkó sí Kàlàbá, kátakátá wọ etí òkun Landmark, ibi ìgbafẹ́ aládàáni kan ní Èkó, àwọn ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìgbafẹ́ tí ó wà níbẹ̀ wó lulẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń jẹ níbẹ̀ sì di aláìníṣẹ́. Nínú àríyànjiyàn tó tẹ̀lé e, mínísítà iṣẹ́ òde, David Umahi, sọ pé 250 mítà láti etí omi jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú. Èmi ká ọwọ́ lẹ́rán, mo ń ronú. Bí ìjọba bá ní agbára lórí 250 mítà láti fi la ọ̀nà, ṣé agbára kan náà kò tó láti fi pa á mọ́ fún ẹsẹ̀ òfìfo?

Ìtàn kan wà láti ìpínlẹ̀ Oregon, ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá fi wé tiwa. Ní 1913, gómìnà wọn, Oswald West, rí i pé àwọn olówó ti ń ra etí òkun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ fún ilé aṣòfin pé kí wọ́n gba etí òkun fún tálákà, wọn kò ní gbà. Ó wá dá ọgbọ́n kan: ó ní kí wọ́n kàn kéde pé iyanrìn tí ìgbì ń bò, láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, jẹ́ ojú ọ̀nà ọba. Àwọn aṣòfin gbà, nítorí pé ní ayé ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ń gba orí iyanrìn kọjá lóòótọ́. Ọba kò sì lè ta ojú ọ̀nà. Ohun tí wọ́n fi gba etí òkun tiwọn là ni ọ̀nà. Ohun tí ó gba tiwa lọ náà, ọ̀nà ni!

Kò sì tán síbẹ̀. Ní 1966, onílé ìtura kan ní ìlú Cannon Beach fi igi sọgbà yí iyanrìn gbígbẹ iwájú ilé rẹ̀ ká, ó ní àwọn àlejò òun nìkan ni kí ó máa lò ó, nítorí òfin 1913 kò kan iyanrìn gbígbẹ. Àwọn ará ìlú pariwo. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, 1967, gómìnà tó wà lórí oyè, Tom McCall, wọ hẹlikópítà lọ sí etí òkun pẹ̀lú àwọn onímọ̀ àti awọnlẹ̀, wọ́n kan èèkàn mọ́lẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí ibi tí iyanrìn ìlú dé, àwọn oníròyìn sì ń ya fọ́tò. Ní oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ní ọdún kan náà, òfin tuntun jáde: láti etí omi títí dé ibi tí ewéko ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù, gbogbo ènìyàn ni ó ní ẹ̀tọ́ láti rìn níbẹ̀. Ẹ kíyè sí èèkàn yẹn. Ohun tí ojú kò bá rí, ẹnu ni yóò máa jà á títí.

Àwa náà ní òfin. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì ní ìpamọ́ ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Ṣùgbọ́n òfin kan náà gbà kí gómìnà gba ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín nítorí àǹfààní ìlú, ẹni tí ó sì ń sọ ohun tí àǹfààní ìlú jẹ́, ìlú kọ́ ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń ṣọ́ra nígbà tí mo bá gbọ́ tí olóṣèlú ń pariwo ìdáàbòbò àyíká. Ní Oṣù Keje 1990, ìjọba ní omi ń halẹ̀ mọ́ àdúgbò Máròkó, ní Èkó, wọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ènìyàn jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ilẹ̀ náà kò di ọgbà ìtura. Ilé àwọn ọlọ́rọ̀ ni ó wà níbẹ̀ lónìí. Ẹni tí ó bá lé apẹja kúrò létí òkun kí ó lè gbin òdòdó síbẹ̀ kò dá etí òkun sí fún ìlú, ó kàn pààrọ̀ ẹni tí ó ni ín.

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ó ṣe é dáadáa, ẹ kò ní rìn jìnnà. Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ará ilé wa, ni ó dá àjọ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980. Ní 1990, àjọ náà ṣí ọgbà ìdáàbòbò Lẹ́kí, hẹ́kítà 78 ti igbó àti àbàtà, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo ibẹ̀ bí ibi tí ẹ̀fọn ń gbé. Lónìí, ilé àti ṣọ́ọ̀bù ti yí i ká bí omi ti ń yí erékùṣù ká, ṣùgbọ́n ọ̀bọ ṣì ń fò láti igi dé igi níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń rìn lórí afárá tí a so rọ̀ láàárín igi, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 401 mítà. Ohun tí ó gbà á là ni pé wọ́n dé kí olówó tó dé. Àmọ́ ìwé nìkan kò tó. Igbó Ọmọ, ní Ìjẹ̀bú tiwa níhìn-ín, ti wà nínú ìwé ìjọba láti 1925 gẹ́gẹ́ bí igbó àdáàbòbò, erin ṣì wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ẹ wo bí ayùn àwọn agégẹdú àti oko kòkó ti jẹ ẹ́ tó. Ìwé wà nínú dùrọ́ọ̀, ayùn wà nínú igbó.

Nítorí náà, ohun tí mo ń fẹ́ fún Ìjẹ̀bú Etí Omi kéré, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Kí àwọn awọnlẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀ kí àwọn tí ń la ọ̀nà tó dé, kí wọ́n rin etí òkun náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun pẹ̀lú àwọn baálẹ̀ àti àwọn apẹja, kí wọ́n ri òpó kọnkéré mọ́lẹ̀ níbi tí iyanrìn pin sí àti ibi tí igi àgbọn bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo abúlé, gbogbo ibi tí ọkọ̀ apẹja ń gúnlẹ̀, àti ibi tí àwọn obìnrin ń sá ẹja sí, kí ó wà nínú gàsẹ́ẹ̀tì pé gbogbo ènìyàn ni ó ni ibẹ̀ àti pé kò sí gómìnà tí ó lè fi tọrẹ. Kí ẹ̀dà ìwé náà má ṣe wà ní Abẹ́òkúta nìkan. Kí ó wà lára ògiri ní Àbígi, kí ó wà lọ́wọ́ baálẹ̀ abúlé kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá, nítorí ọ̀rinrin òkun máa ń ba ìwé jẹ́. Ibi tí wọ́n bá sì máa ri òpó sí, kí wọ́n fi sẹ́yìn dáadáa. Ẹ rántí ihò tí bùrọ̀dá mi fi gìgísẹ̀ gbẹ́.